Níbi tí Òfin Eré Bá Dákẹ́: Ayò Ọlọ́pọ́n àti Eré Ìṣebí Orí Tábìlì

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlú tí kò bá sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ibi tí òfin kò sí rárá ni òwe yìí ń sọ. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ibi tí òfin wà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tí ọ̀ràn kan ṣẹ̀ tí òfin náà kò fẹnu bà. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin ìlú àti nínú òfin ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n inú eré ni ó ti máa ń tètè hàn jù lọ. Òfin eré kò pọ̀. Àwọn tí ọ̀ràn kàn sì jókòó, wọ́n kojú ara wọn. Bí òfin bá dákẹ́, ẹnì kan ní láti sọ̀rọ̀ kí eré tó lè máa lọ.

Irú eré méjì ni àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn wọn wò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni ayò ọlọ́pọ́n, eré àtọwọ́dọ́wọ́ Yorùbá. Èkejì ni eré tí a lè pè ní eré ìṣebí orí tábìlì. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, àwọn òṣeré a jókòó yí tábìlì ká. Oníkálukú a máa ṣe bí ẹlòmíràn, a máa fi ẹnu sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe. Ẹnì kan láàrin wọn, tí í ṣe adarí eré, a sì máa sọ ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ òfin rẹ̀ jáde fún títà, ní ọdún 1974. Ayò ti pẹ́ ju èyí lọ fíìfíì, ohun èlò wọn kò sì jọra. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń bi àwọn tí ń ṣe wọ́n: nígbà tí òfin kò sọ nǹkan kan, ta ni ó ni àṣẹ láti sọ ọ́?

Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí dì mú ni pé àlàfo inú òfin eré kì í ṣe òfìfo. Ibẹ̀ ni àwùjọ ti ń fi hàn ẹni tí ó gbà gẹ́gẹ́ bí onídàájọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ òfin eré sílẹ̀ tí kò kọ bí wọ́n ṣe ń parí àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì kọ eré náà tán.

Otokiti àti Ìpàdé Àwọn Òfin

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni ìlú tí ènìyàn oríṣiríṣi ti pàdé. Otokiti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò Lọ́kọ́ja, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí. Ìtòsí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé ni Lọ́kọ́ja wà. Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni William Balfour Baikie, oníṣègùn ará Skọ́tíláǹdì, dá ibùdó òwò sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ibẹ̀ náà ni Frederick Lugard ti gbé àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè láti kéde ìjọba amúnisìn Àríwá Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n yọ apá kan lára Ìpínlẹ̀ Kúwárà àti apá kan lára Ìpínlẹ̀ Bẹ́núè, wọ́n sì fi wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Lọ́kọ́ja di olú-ìlú rẹ̀.

Ohun tí èyí mú wá ni pé àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí ẹ̀ka èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ, àwọn Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Owé, àwọn Nupe, àwọn Ẹbira, àwọn Ígálà àti àwọn Haúsá jọ ń gbé ìlú kan. Ní àdúgbò bí Otokiti, ọmọ Ìjùmú àti ọmọ Ígálà lè jọ pín ògiri. Bí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá jókòó láti ṣeré ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe eré nìkan ni oníkálukú gbé wá. Ó gbé òfin ilé rẹ̀ wá pẹ̀lú.

Káàdì Whot fi èyí hàn kedere. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é jáde ní àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fi ń ta á ní Nàìjíríà ti di ti Nàìjíríà. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ "hold on", "pick two" àti "general market". Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ju "pick two" sí ẹnì kan, tí òun náà sì ní méjì lọ́wọ́, ṣé ó lè fi dáàbò bo ara rẹ̀ kí ìyà náà kọjá sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e? Ilé kan gbà bẹ́ẹ̀, ilé kejì kò gbà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ eré náà dáadáa fi máa ń bèèrè kí wọ́n tó pín káàdì. Ìbéèrè kékeré yìí ṣe pàtàkì, a ó sì padà sí i.

Ayò àti Ibi tí Òfin Rẹ̀ Dákẹ́

Òfin ayò kò ṣòro láti sọ. Ilé méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún òṣeré kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin ni ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Òṣeré a kó ọmọ inú ilé kan ní ìhà tirẹ̀, a sì máa pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àwọn ilé tí ó tẹ̀ lé e, lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀. Bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tí ilé náà sì di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Bí ilé tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ìhà kan náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ìyẹn náà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ. Ní ọdún 1977, A. O. Odeleye ṣe ìwé odidi kan lórí eré yìí, tí ilé ìtẹ̀wé Oxford University Press gbé jáde ní Ìbàdàn.

Bí a bá sọ òfin náà báyìí tán, ó dà bí ẹni pé kò ku nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ta ayò títí ilẹ̀ fi ṣú ni ó mọ̀ pé ó ku púpọ̀. Mẹ́rin nínú àwọn àlàfo náà nìyí.

Àlàfo kìíní ni ti ẹni tí ilé rẹ̀ gbẹ. Bí kò bá sí ọmọ kankan ní ìhà ẹnìkejì, kí ni ó fẹ́ ta? Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí ó ní ọmọ gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, kí eré má baà kú. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí èyí tí ó lè dé ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹni tí ọmọ náà wà ní ìhà rẹ̀ ni yóò kó o, tàbí wọn yóò pín in?

Àlàfo kejì ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ọ̀ta lè ta ayò kan tí yóò jẹ gbogbo ọmọ tí ó wà ní ìhà ọ̀pẹ láìku ẹyọ kan. Òfin ìjẹ gbà á láyè. Òfin pé kí a má fi ebi pa ẹnìkejì kò gbà á. Òfin méjì forí gbárí, kò sì sí ẹ̀kẹta tí yóò là wọ́n. Káàkiri ibi tí wọ́n ti ń ta irú eré yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, ìdáhùn ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan ní a kò gbọdọ̀ ta irú rẹ̀ rárá. Àwọn kan ní a lè ta á, ṣùgbọ́n a kò ní jẹ nǹkan kan. Àwọn kan ní a ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n a ó fi ilé kan sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Àwọn mìíràn ní kí ó jẹ gbogbo rẹ̀, kí ẹnìkejì sì gba èyí tí ó ṣẹ́ kù lójú ọpọ́n.

Àlàfo kẹta ni ti eré tí kò lópin. Bí ọmọ bá ti kù díẹ̀, ó lè máa yí ọpọ́n ká, kí ẹnikẹ́ni má rí jẹ. Òfin kò sọ iye ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ yí ká kí wọ́n tó dá a dúró.

Àlàfo kẹrin kan ìwà ju ìṣirò lọ. Bí ilé kan bá ti kún, ṣé òṣeré lè fọwọ́ kan ọmọ inú rẹ̀ láti kà á kí ó tó pinnu? Ṣé ọwọ́ tí ó kan ilé ti ta á nìyẹn? Ṣé ẹni tí ó wà lórí ìdúró lè fi ọ̀rọ̀ ran ọ̀pẹ lọ́wọ́?

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé kì í ṣe irú ayò kan ṣoṣo ni Yorùbá ní. Oríṣi kan wà tí ó jẹ́ pé ilé tí ó bá di mẹ́rin ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tí ó bá kọ́ oríṣi kan nílé tí ó sì bá ẹni tí ó kọ́ òmíràn pàdé yóò rò pé ẹni náà ń rẹ́ òun jẹ.

Ìdí Ọpọ́n gẹ́gẹ́ bí Ilé Ẹjọ́

Ayò kò ní rẹfirí. Ohun tí ó ní ni èrò. Ní ìta gbangba, lábẹ́ igi tàbí ní ẹnu ọ̀nà àgbà kan, ni wọ́n ti sábà máa ń ta á. Àwọn tí ń wòran a sì máa sọ̀rọ̀, a máa yin ọ̀ta, a máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú aláìmọ̀kan rí ariwo yìí gẹ́gẹ́ bí ìdíwọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn òǹwòran ni ẹlẹ́rìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ọpọ́n, àwọn náà sì ni wọ́n ń rántí bí wọ́n ṣe parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí òfin bá dákẹ́, ojú a yí sí ẹni tí ó dàgbà jù tàbí ẹni tí ó ti ta ayò pẹ́ jù níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ láti ṣàkíyèsí nínú ètò yìí. Èkínní, ìdájọ́ náà kì í ṣe ti ẹni tí ń ta ayò, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Èkejì, ó ní ìrántí: ohun tí wọ́n bá dá lónìí yóò di ohun tí wọn yóò fi dá ti ọ̀la. Ẹ̀kẹta, àdúgbò ni ó ni í. Ìdájọ́ tí ó bófin mu ní ìdí ọpọ́n kan lè má bófin mu ní èkejì, kò sì sí ẹni tí ó rí èyí bí àbùkù níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ń ta ayò pọ̀ bá mọ ara wọn.

Yorùbá tún ní eré ìṣebí tirẹ̀. Nínú ẹkùn mẹ́ran, àwọn ọmọdé a di ọwọ́ ara wọn mú ní agbo. Ọ̀kan a di ẹkùn, ọ̀kan a di ẹran tí ẹkùn ń lé. Bí ẹkùn bá fẹ́ já agbo ní ọ̀nà tí kò tọ́, agbo ni ó ń kọ̀ fún un. Kò sí ìwé òfin. Orin àti ọwọ́ tí wọ́n dì mú ni òfin. Níhìn-ín náà, àwọn tí wọ́n yí eré ká ni onídàájọ́. Ọ̀nà mìíràn ni ìtàn gbà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Láti Eré Ogun dé Eré Ìṣebí

Orísun eré ìṣebí orí tábìlì ni eré ogun àwọn ológun Prọ́ṣíà, ní ilẹ̀ tí ó di Jámánì lónìí. Ní ọdún 1812, Georg Leopold von Reisswitz gbé eré ogun kan kalẹ̀ fún ọba Prọ́ṣíà. Ní ọdún 1824, ọmọ rẹ̀ tí òun náà jẹ́ ọ̀gágun tẹ òfin rẹ̀ jáde. Orí àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn òṣeré kì í ta nǹkan fúnra wọn. Wọn a kọ àṣẹ sínú ìwé, wọn a fún onídàájọ́. Òun ni yóò gbé àwọn ọmọ ogun, tí yóò ju dáìsì, tí yóò wo tábìlì ìṣirò láti mọ iye tí ó kú, tí yóò sì sọ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ohun tí ojú rẹ̀ lè tó nìkan.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, òfin náà pọ̀ débi pé ó ń fa eré sẹ́yìn. Ní ọdún 1876, ọ̀gágun Julius von Verdy du Vernois dábàá pé kí wọ́n pa tábìlì ìṣirò àti dáìsì tì, kí onídàájọ́ tí ó ti rí ogun rí máa fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dá ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ náà kò gún gẹ́gẹ́ fún gbogbo ènìyàn, nítorí kò yé wọn bí a ṣe fẹ́ mọ̀ pé onídàájọ́ kò ṣègbè. Láti ìgbà yẹn ni ìhà méjì ti wà: àwọn tí ó fẹ́ kí ìwé sọ̀rọ̀, àti àwọn tí ó fẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1969, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, David Wesely ṣètò eré kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Braunstein. Ìlú kékeré kan ní Jámánì ní ayé ogun Napoleon ni ó fi ṣe ibi ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Dípò kí ó fún òṣeré ní ọmọ ogun, ó fún oníkálukú ní ipò kan nínú ìlú náà àti ohun tí ó ń lépa. Kò pẹ́ tí eré fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣeré ń pe ara wọn sí kọ̀rọ̀ láti gbìmọ̀. Àwọn méjì sì sọ pé àwọn fẹ́ bá ara wọn jà, ọkùnrin sí ọkùnrin. Wesely kò kọ òfin kankan fún irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ó ju dáìsì tí ó sì sọ ẹni tí ó borí. Ó rò pé eré náà ti dàrú, ṣùgbọ́n àwọn òṣeré ní kí ó tún ṣe òmíràn. Ohun tí òun rí bí àlàfo ni àwọn rí bí adùn.

Dave Arneson, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yìí, mú ọ̀nà náà lò nínú eré tirẹ̀, Blackmoor. Ní ọdún 1972 ó fi han Gary Gygax ní ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Láti inú àjùmọ̀ṣe àwọn méjèèjì ni Dungeons & Dragons ti jáde ní ọdún 1974.

Ìwé Mẹ́ta àti Ohun tí Kò Sí Nínú Wọn

Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan ni eré yìí nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ẹgbẹ̀rún kan páálí ni wọ́n tẹ̀. Àlàfo inú rẹ̀ pọ̀. Fún ọ̀rọ̀ ìjà, ó tọ́ka òǹkàwé sí Chainmail, ìwé òfin eré ogun tí Gygax àti Jeff Perren ti ṣe ní ọdún 1971. Ẹni tí kò bá ní ìyẹn kò lè mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣá ọ̀tá rẹ̀ ládàá. Fún ìrìn inú igbó, ó ní kí wọ́n lo ọpọ́n eré mìíràn tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ń tà. Ní ìparí, àwọn òǹkọ̀wé gba àwọn òǹkàwé níyànjú pé bí ohun kan kò bá yé wọn, kí wọ́n pinnu bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ó rí, kí wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó ra eré náà ṣe bí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe. Kí ọdún 1975 tó parí, Ken St. Andre ní ìpínlẹ̀ Arizona, ẹni tí òfin náà kò yé, ti kọ eré tirẹ̀, Tunnels & Trolls. Ní ọdún náà ni Lee Gold ní ìlú Los Angeles bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà kan tí àwọn òṣeré fúnra wọn ń kọ, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí òfin tí wọ́n sì ń fi ìdájọ́ ara wọn han ara wọn. Ní kúkúrú, wọ́n dá ìdí ọpọ́n sílẹ̀ lórí ìwé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tí ń jiyàn níbẹ̀ kò rí ojú ara wọn.

Gygax fúnra rẹ̀ padà yí ohùn. Láàrin ọdún 1977 sí 1979, ó gbé ìwé ńlá mẹ́ta jáde, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kí eré jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, kí ìdíje láàrin àwọn tí kò mọ ara wọn lè ṣeé ṣe. Wizards of the Coast, tí ó ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 1997, gbé ẹ̀dà kẹta jáde ní ọdún 2000 pẹ̀lú òfin tí ó tún fẹ̀ sí i. Ní ọdún 2008 ni Matthew Finch tún kọ ìwé kékeré kan láti gbèjà ọ̀nà àtijọ́, níbi tí ìdájọ́ adarí ti borí ìwé. Àríyànjiyàn ọdún 1876 ni ó jí padà.

Iye tí Ọ̀nà Kọ̀ọ̀kan Ń Náni

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìtàn yìí fi hàn. Ọ̀nà kan ni kí a máa kọ òfin kún òfin. Èkejì ni kí a fi àṣẹ lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni kí àwùjọ tí ó yí eré ká dá a. Kò sí èyí tí kò ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Òfin púpọ̀ kò lè tán àlàfo. H. L. A. Hart, onímọ̀ òfin ará Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí hàn nínú ìwé rẹ̀ The Concept of Law tí ó jáde ní ọdún 1961: bí ọ̀rọ̀ inú òfin ti wù kí ó ṣe kedere tó, yóò ní etí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò dájú. Ó lo onídàájọ́ eré láti ṣàlàyé pé ẹni tí ó ń ka àmì ní òmìnira láti pinnu, ṣùgbọ́n òmìnira náà kò túmọ̀ sí pé ohun tí ó bá wù ú ni òfin.

Adarí eré kan ṣoṣo ń mú kí eré yára, ṣùgbọ́n òun ni ó ń dá ayé eré, òun náà ni ó tún ń dájọ́ inú rẹ̀. Yorùbá ti kìlọ̀ nípa irú agbára bẹ́ẹ̀: agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí ó ń gbà á sílẹ̀ ni pé àwọn òṣeré lè dìde kúrò nídìí tábìlì.

Ìdí ọpọ́n ni ó ní ẹlẹ́rìí jù, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàánú àlejò. Ọ̀pẹ tí kò ní ẹnìkan níbẹ̀ kò ní ohùn. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti kọ́ ayò lọ́dọ̀ àwọn bàbá kan náà, èyí kò fara hàn. Ní Otokiti, níbi tí aládùúgbò ẹni lè ti ìlú mìíràn wá, ó fara hàn. Ibẹ̀ ni ìbéèrè àwọn ọmọ tí ń ta Whot ti wúlò: kí wọ́n tó pín káàdì, wọ́n bèèrè òfin ilé tí wọn yóò lò. Wọn kò dúró de àlàfo kí ó tó di ìjà. Ọ̀nà kẹrin nìyẹn, kò sì ná wọn ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Nígbà tí Wọ́n Bá Kọ Òfin Sílẹ̀

Òfin eré tí ń rìnrìn àjò máa ń yí padà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé irú ayò yìí dé ilẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 1929, Melville Herskovits kọ̀wé nípa adjiboto láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà inú igbó Suriname. Ilé mẹ́wàá ni ó wà lójú ọpọ́n tiwọn, ọmọ mẹ́wàá sì wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn wọ̀nyí ṣi ayò ta. Wọ́n ń dá tiwọn ní ìdí ọpọ́n tiwọn.

Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ máa ń fẹ́ dúró lójú kan. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam lo kọ̀ǹpútà láti yẹ gbogbo ipò tí ó lè wáyé nínú awari, ìbátan ayò wa, wò. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n kà. Àbáyọrí wọn ni pé bí òṣeré méjèèjì kò bá ṣàṣìṣe, ọ̀mì ni. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè ka ipò kan ṣoṣo títí ènìyàn yóò fi pinnu fún un ohun tí yóò ṣe sí àlàfo kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn tí ó fún wa jẹ́ ti irú òfin tí wọ́n yàn fún un, kì í ṣe ti gbogbo ìdí ọpọ́n.

Òfin orílẹ̀-èdè náà mọ ìṣòro yìí. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti ọdún 2011, gbà pé àṣà lè di òfin nínú ẹjọ́ bí ilé ẹjọ́ bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tàbí bí a bá mú ẹ̀rí wá láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àìkọsílẹ̀ kò sọ àṣà di asán. Ẹlẹ́rìí ni ó ń béèrè.

Àwọn olùkọ́ èdè kò ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́ ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ pàtàkì fún Yorùbá àjùmọ̀lò tí iṣẹ́ àwọn bíi Àjàyí Crowther gbé dìde ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Àǹfààní rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ tán. Síbẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ tàbí ọmọ Yàgbà tí ó sọ èdè ilé rẹ̀ nínú kíláàsì ti mọ bí ó ṣe ń rí kí wọ́n sọ fún un pé ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ jẹ́ àṣìṣe. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ayò. Ó ti wà lára eré ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ta ní Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-Èdè, ìdíje sì ń béèrè òfin kan ṣoṣo. Kò sí aburú nínú ìyẹn. Aburú wà níbẹ̀ bí òfin ìdíje bá di òfin Yorùbá, tí ìdájọ́ Kàbbà tàbí ti Ìṣánlú sì di àṣìṣe ọ̀pẹ.

Àsokágbá

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ayò ọlọ́pọ́n àti eré ìṣebí orí tábìlì kò yàtọ̀ lórí pé òfin wọn ní àlàfo. Kò sí eré tí kò ní. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ẹni tí wọ́n fi sí ẹnu àlàfo náà. Àwọn Prọ́ṣíà fi ọ̀gágun síbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi adarí síbẹ̀, wọ́n gbìyànjú láti fi ìwé rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì tún padà sọ́dọ̀ adarí. Yorùbá fi àgbà àti òǹwòran síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti àṣà kò le ní ṣíṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ gba òfin ayò sílẹ̀ ní ìlú kan, kí ó má ṣe dúró lórí bí wọ́n ṣe ń ta á. Kí ó bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí ilé ẹnìkejì bá gbẹ, bí wọ́n bá fẹ́ jẹ gbogbo ọmọ tán, bí ọmọ bá ń yí ká láìlópin. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi jiyàn àti orúkọ tí wọ́n ń pe ìjẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka èdè wọn. Kí ó kọ ẹni tí gbogbo ojú yí sí nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀. Lọ́kọ́ja dára láti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òfin ilé púpọ̀ ti ń pàdé lójoojúmọ́. Àwọn àgbà tí ń dá ẹjọ́ yìí ń dín kù. Bí wọ́n bá lọ tán, a lè rí ọpọ́n nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, a sì lè rí òfin nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń parí ìjà.